Fíúsì orí wáyà ọ́tánétọ̀ 911: ṣé kí n fi sí i ni àbí kí n yọ ọ́?

Ìyá Típà, Mushin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, n kì í sì í ṣe dẹ́rẹ́bà. Yanrìn ni mò ń tà. Típà Mercedes 911 kan ṣoṣo tí ọkọ mi fi sílẹ̀ lọ sọ́run ló ń bọ́ èmi àti àwọn ọmọ. Ẹ bá mi fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí, ó gùn díẹ̀, torí riwáyà mẹ́ta, àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ti sọ ohun mẹ́ta fún mi, orí mi sì ti dàrú.

24V ni mọ́tò náà ń lò, bátìrì méjì ló wà nínú àpótí ẹ̀gbẹ́ ṣásì. Ọ́tánétọ̀ tó bá a wá, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ẹnjìnnì ṣáájì bátìrì, 28V 35A ni wọ́n kọ sí i lára: V ni fólítì, A ni áńpíà, ìyẹn bí iná tó lè tú jáde ṣe pọ̀ tó. Nínú òjò oṣù keje ló kú pátápátá. Kí a tó mọ̀, bátìrì méjèèjì ti gbẹ. Riwáyà wa mú mi lọ sí Owódé Onírin, a ra tòkunbọ̀ kan tó tóbi jù ú lọ, 28V 80A. Inú mi dùn, mo ní ohun tó bá tóbi ló dára. Ó dè é, ó so wáyà àtijọ́ mọ́ ọn, ó gbowó, ó lọ.

Lórí wáyà yẹn, nítòsí kíkìsítátà tó ń jí ẹnjìnnì, fíúsì kan wà tó dà bí irin pẹlẹbẹ láàárín nọ́ọ̀tì méjì, wọ́n kọ 50 sí i. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó fi já. A ra òmíràn, ó tún já. Ẹ̀ẹ̀kẹta, riwáyà bínú. Ó bó wáyà iná ilé, ó lọ́ bàbà inú rẹ̀ pọ̀, ó fi dí àárín nọ́ọ̀tì méjèèjì. Ó ní, "Màmá, fíúsì yìí ló ń dí iná lọ́nà. 911 tó ti Jámánì wá kò ní fíúsì níbí." Ó sì ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló fi ṣiṣẹ́, mo kà á.

Ọjọ́ ogún, ní ìdájí, wọ́n ń gbé yanrìn bọ̀ láti etí ọ̀sà ní Ìkòròdú. Bí wọ́n ṣe dé Kétu, rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Dẹ́rẹ́bà pa ẹnjìnnì, ó bẹ́ sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: iná ń sáré lórí wáyà bí ìgbà tí ọmọdé ń tan báńgà. Mọ́tòbọ́ọ̀yì gun ẹ̀yìn típà, ó fi ṣọ́bìrì bu yanrìn, òun ni wọ́n ń dà sí i títí dẹ́rẹ́bà fi rí sípánà tú orí bátìrì. Yanrìn tí mo fẹ́ tà ló pa iná mọ́tò mi. Wáyà náà ti jó láti ìdí ọ́tánétọ̀ dé ìdí kíkìsítátà, rọ́bà kankan kò kù lára rẹ̀.

Ní báyìí, riwáyà àkọ́kọ́ ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sí fíúsì, wáyà tó gbó ló fà á. Ìkejì ní kí n fi fíúsì sí ìdí ọ́tánétọ̀, kí n tún fi sí ìdí bátìrì. Ìkẹta ní kí n ju 80A nù, kí n wá 35A. Ta ló tọ̀nà?

Àwọn nǹkan mìíràn tó ṣeé ṣe kó kàn án: iná pupa oní-bátìrì tó máa ń tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n bá ṣí kọ́kọ́rọ́, kò tàn mọ́. Riwáyà ti fi gílóòbù LED sí i, síbẹ̀ kò yí padà. Mọ́tò ò sì ní í ṣáájì àfi tí dẹ́rẹ́bà bá tẹ tọ́tù gidigidi lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan nínú bátìrì méjèèjì ń hó, èmi ni mo máa ń da omi sí i. Dẹ́rẹ́bà sì ti kó iná márùn-ún sí orí mọ́tò bí ọkọ̀ ìyàwó. Mo ti sọ fún un pé owó wáyà tuntun á jáde látinú owó oṣù rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà Ìlasa

Màmá, ẹ kú ewu. Ọpẹ́lọpẹ́ yanrìn.

Fíúsì kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀ jàre. Èmi ti wa Mercedes 1113 fún ọdún méjìlá, n kò rí fíúsì lórí wáyà yẹn rí. Ẹ yẹ ọ́tánétọ̀ tòkunbọ̀ yẹn wò ná, bóyá kò dáa. Ó rọrùn: ẹ jí mọ́tò, kí ẹ yọ orí bátìrì kan. Tí ẹnjìnnì kò bá kú, ọ́tánétọ̀ dáa. Tó bá kú, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á.

Ẹ má gba owó dẹ́rẹ́bà yẹn o, Màmá. Òru ni tiwa, iná la fi ń ríran.

Bàbá Riwáyà, Òjúẹlẹ́gbà

Màmá, ẹ kú ewu iná. Olúwa kò ní jẹ́ kí ó padà wá.

Ìwọ dẹ́rẹ́bà, ọmọ mi, má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ohun tí o sọ yẹn ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó. Dísẹ́ẹ̀lì ni ẹnjìnnì 911. Póńpù rẹ̀ kì í fi iná ṣiṣẹ́. Tó bá ti jí, o lè kó bátìrì méjèèjì jù sínú ọ̀sà, yóò máa sáré lọ ni. Kí ni yíyọ orí bátìrì wá máa fi hàn ọ́? Ọ́tánétọ̀ tó ti kú pátápátá, ẹnjìnnì kò ní kú; èyí tó dáa, kò ní kú. Èyí tó burú jù ni pé tí ọ́tánétọ̀ bá ń tú iná jáde lọ́wọ́, tí o já ibi tí iná ń gbà lọ, iná yẹn kò rí ilé wọ̀. Fólítì á fò sókè lójijì, á kọjá 28 lọ réré, dáyóòdù inú ọ́tánétọ̀ tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, àti règúlétọ̀ tó ń kó fólítì níjàánu, ló máa kọ́kọ́ kàn. Ọ́tánétọ̀ tó dáa lo fẹ́ dán wò, òkú lo máa tú sílẹ̀.

Ìdí mólúè ni mo ti kọ́ṣẹ́, abẹ́ bíríìjì níbí. Ṣásì 911 yìí kan náà ni wọ́n ń kan mólúè lé nígbà náà, nítorí náà mo mọ wáyà rẹ̀ bí ẹni mọ ojú ìyàwó rẹ̀.

Riwáyà àkọ́kọ́ yẹn kò purọ́ tán. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni kò ní fíúsì lórí wáyà ọ́tánétọ̀ láti ilé-iṣẹ́. Wáyà nípọn kan máa ń ti B+, ojú tí iná ti ń jáde lẹ́yìn ọ́tánétọ̀, lọ tààrà sí bóòtù kíkìsítátà, níbi tí okùn ńlá bátìrì ti dé. Àwọn tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé e pé wáyà tuntun ni, rọ́bà rẹ̀ dáa, 35A péré ló máa gba inú rẹ̀. Àmọ́ rọ́bà ogójì ọdún kì í ṣe rọ́bà mọ́. Ó ti le bí èèpo igi, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á fọ́. Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́, irú Chevrolet, ń fi gígé wáyà tín-ín-rín kan sí ìdí kíkìsítátà, rọ́bà rẹ̀ kì í gbiná, òun ló máa yọ́ kí wáyà ńlá tó jó. Àwa riwáyà rí i, a rò pé wáyà lásán ni, a fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀. Mo ti ṣe é rí, n kò ní purọ́.

Ní ti mọ́tò yín, ẹnì kan ti fi fíúsì 50A sí i. Ẹni yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ọ́tánétọ̀ 35A, wáyà tó lè gbé 50A, fíúsì 50A: ó pé. Nígbà tí ẹ gbé 80A dé, wáyà kò yí padà. Fíúsì já lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní ó ń dí iná lọ́nà. Fíúsì yẹn ń pè yín ni, Màmá, ẹ̀yin lẹ kò dá a lóhùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ rèé. Fíúsì kì í ṣọ́ ọ́tánétọ̀. Wáyà ló ń ṣọ́. Ẹ wo ọmọ tó ń pọnmi sí àmù. Ọmọ yẹn kò lè ru ju ohun tí ọrùn rẹ̀ gbé lọ. Ọ́tánétọ̀ nìyẹn: 80A ni agbára rẹ̀, kódà tí wáyà bá kan irin, kò lè fi bẹ́ẹ̀ kọjá rẹ̀. Àmọ́ tí àmù bá fọ́, omi tí ọmọ pọn fún ọ̀sẹ̀ kan ló máa ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì ni àmù. Bátìrì típà tó bá kan ṣásì lè tú áńpíà tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ní ọjọ́ mọ́kàndínlógún yẹn, ọ́tánétọ̀ ń se wáyà díẹ̀díẹ̀, rọ́bà ń rọ̀, ó ń yọ́. Ní Kétu, wáyà tó ti hòòhò kan irin. Láti ìgbà yẹn, bátìrì ló gba iṣẹ́. Ọ́tánétọ̀ ló sè é, bátìrì ló jó o. Ẹ wò ó, dẹ́rẹ́bà ti pa ẹnjìnnì, ọ́tánétọ̀ kò yí mọ́, síbẹ̀ iná ń jó títí wọ́n fi tú orí bátìrì.

Nítorí náà, ibi tí agbára bátìrì ti ń wọ inú wáyà ni fíúsì gbọ́dọ̀ wà. Kì í ṣe ìdí ọ́tánétọ̀.

Ọmọ Iná Yábà

Ẹ káàárọ̀ Mà. Ẹ káàárọ̀ Bàbá, ẹ kú iṣẹ́.

Mo fẹ́ fi ìṣirò ti ọ̀rọ̀ Bàbá lẹ́yìn. N kò rí wáyà náà, ṣùgbọ́n ká ní 6mm² ni bàbà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó, ká sì ní mítà 2 ni gígùn rẹ̀. Tí 35A bá ń gba inú rẹ̀, ooru tó ń jáde lára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí wáàtì 7. Tí 80A bá ń gbà á, ó di nǹkan bí wáàtì 37. Iná kò tó ìlọ́po mẹ́ta, ooru ti ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Ẹ wá gbé ooru yẹn sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnjìnnì, nínú gosíló Máìlì 12 tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́. Tí wáyà bá jẹ́ 25mm², 80A kan náà kò ní mú ju wáàtì 9 lọ jáde lára rẹ̀.

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba owó dẹ́rẹ́bà. Gílóòbù iná wájú 24V máa ń jẹ́ wáàtì 70 tàbí 75. Márùn-ún lọ́nà 70 jẹ́ 350, ẹ fi 28 pín in: 12.5A. Iná orí mọ́tò kọ́ ló já fíúsì 50A. Bátìrì méjì tó ti gbẹ ló ń fa iná mu bí ẹni tó gbààwẹ̀, ọ́tánétọ̀ tuntun sì ní iná tó pọ̀ láti fún un. 35A àtijọ́ kò lè fún un tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí fíúsì kò fi já rí.

80A kò burú, Mà. Ẹ fi wáyà 25mm² sí i, kí ẹ fi fíúsì 100A tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dè. Fíúsì gbọ́dọ̀ ju agbára ọ́tánétọ̀ lọ díẹ̀, kó má máa já lásán, kó sì kéré sí ohun tí wáyà lè gbé. Ẹ wò ó lára dáadáa kí wọ́n kọ 32V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Mo ti rí fíúsì ẹ̀rọ orin inú mọ́tò kékeré tí wọ́n ń tà fún onítíréélà, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣe é fún 24V.

Ìyá Típà, Mushin

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá, ọ̀rọ̀ àmù yẹn wọ̀ mí létí. Ọkọ mi ló fi 50A yẹn síbẹ̀. Mo rántí ọjọ́ náà, ó pẹ́ wálé, ọwọ́ rẹ̀ dúdú, ó ní òun ti fi olùṣọ́ sí ìdí iná. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe.

Ìbéèrè mi tó kù: ibo gan-an ni fíúsì á wà? Ṣé ẹyọ kan tó àbí méjì? Kí ló ń ṣe iná pupa dáṣíbọ́ọ̀dù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ìyàwó yín, ẹ má sọ ọ́ bí tíṣà.

Bàbá Riwáyà, Òjúẹlẹ́gbà

Ìyàwó mi ò jẹ́ bi mí, Màmá, ó ní ọ̀rọ̀ wáyà ti sú òun.

Ẹyọ kan tó. Wáyà tó ti ọ́tánétọ̀ wá á parí sí ìdí kíkìsítátà, níbi tó ti bá okùn bátìrì pàdé. Kí ó má dé orí bóòtù yẹn tààrà. Kí wọ́n de fíúsì mọ́ ara ṣásì nítòsí ibẹ̀, kí wáyà tó wà láàárín bóòtù àti fíúsì má ju gígùn àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, nítorí pé ìwọ̀nba gígùn yẹn kò ní olùṣọ́. Kí ó jìnnà sí páìpù èéfín, kí ó sì ní ìdérí, omi Èkó kò mọ ojú ẹnì kan. Tí dáyóòdù bá kú sí inú ọ́tánétọ̀, láti ọ̀dọ̀ bátìrì náà ni iná á ti padà wá jó o, fíúsì yìí kan náà ló máa dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ìkejì kò pọn dandan.

Okùn ńlá tó ti bátìrì lọ sí kíkìsítátà kò ní fíúsì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sí i. Kíkìsítátà ń mu ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpíà nígbà tó bá ń jí ẹnjìnnì. Ohun tó ń ṣọ́ okùn yẹn ni kí wọ́n dè é dáadáa mọ́ ṣásì, kí wọ́n fi rọ́bà hóòsì wọ̀ ọ́ níbi tó bá ti ń kan irin, kí ẹ sì ra súwíìṣì bátìrì tí dẹ́rẹ́bà lè fọwọ́ yí. Ká ní ó wà ní Kétu, wọn ì bá máa wá sípánà kiri nínú èéfín. Kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ yí i nígbà tí ẹnjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Mo ti sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ Ìlasa.

Iná pupa. Ẹ̀yin ènìyàn rò pé ìkìlọ̀ nìkan ló wà fún. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí dẹ́rẹ́bà bá ṣí kọ́kọ́rọ́, iná á ti bátìrì wá, á gba inú kọ́kọ́rọ́, á gba inú gílóòbù yẹn, á lọ sí D+, ojú kékeré tó wà lẹ́yìn ọ́tánétọ̀, á gba inú règúlétọ̀ àti kábọ̀n wọ inú rótọ̀, irin oníwáyà tó ń yí nínú ọ́tánétọ̀. Díẹ̀ yẹn ló ń jí rótọ̀ kó di ògùnfè, ìyẹn irin tó ń fa irin. Tí ọ́tánétọ̀ bá wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun náà á máa tú iná jáde ní D+. Iná dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gílóòbù, kò sí ibi tó máa ṣàn sí, gílóòbù á kú. Gílóòbù 24V 3W ló yẹ kó wà níbẹ̀. Èyí tó bá ti jó já ọ̀nà, LED kò sì jẹ́ kí iná tó rótọ̀ ń fẹ́ kọjá. Ẹ wá ń gbẹ́kẹ̀ lé ìwọ̀nba ògùnfè tó ṣẹ́ kù lára irin, òun ni dẹ́rẹ́bà ṣe gbọ́dọ̀ tẹ tọ́tù kó tó jí.

Ẹ jẹ́ kí riwáyà yín wo àwọn nọ́ńbà kékeré tó wà lára wáyà àti ojú ìsopọ̀. Àwọn ará Jámánì kọ ọ́ síbẹ̀: 30 ni iná tó ti bátìrì wá láìdúró, 15 ni èyí tó ń wá tí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́, 31 ni ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ara ṣásì, 50 ló ń lọ sí kíkìsítátà, 61 ni iná pupa yẹn. Riwáyà tó bá ní òun kò nílò nọ́ńbà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan ló kù, kí n má gbàgbé. Nínú àpótí fíúsì abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, àwọn fíúsì tó dà bí òògùn oníhóró ni 911 ń lò: funfun 8A, pupa 16A, búlúù 25A. Àwọn fíúsì pẹlẹbẹ ti mọ́tò tuntun, pupa wọn 10A ni, búlúù 15A. Àwọ̀ kan náà, nọ́ńbà kò bára mu. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó fi àwọ̀ rà á lọ́jà. Mo sì ti rí ẹni tó fi bébà dídán inú páálí sìgá wé e, ìyẹn sàn ju ti riwáyà yín lọ díẹ̀, kò fi bàbà. Ẹnu àwọn fíúsì yìí máa ń dógùn-ún nínú afẹ́fẹ́ ọ̀sà wa, á gbóná, á sì yọ́ ike àpótí láìjẹ́ pé fíúsì já. Kí wọ́n yọ wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ, kí wọ́n fi sáńpépà ha ojú irin tí wọ́n ń jókòó lé.

Oníbátìrì Ìdí-Òrò

Ẹ kú àlàyé Bàbá. Èmi fẹ́ bi Màmá léèrè: ṣé dẹ́rẹ́bà yín ní rédíò nínú mọ́tò?

Ìyá Típà, Mushin

Ó ní. Fújì ni látàárọ̀ dalẹ́. Kí ló kàn án?

Oníbátìrì Ìdí-Òrò

Mo mọ̀. Rédíò 12V ni, mọ́tò sì ń lo 24V, nítorí náà ó so rédíò mọ́ bátìrì kan ṣoṣo, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní ṣásì. Ó tún so ìṣáájì fóònù mọ́ ọn. Bátìrì kan ń ṣiṣẹ́ fún Fújì, èkejì ń jókòó. Ọ́tánétọ̀ kò mọ̀ pé méjì ni wọ́n o, 28 àpapọ̀ ló ń rí. Èyí tí rédíò ti mu á gba bíi 13, èkejì tó ti yó á gba bíi 15. Èyí tó ń gba 15 ló ń hó, òun lẹ̀ ń bu omi fún. Ẹ ó wá rò pé ó bàjẹ́, ẹ ó wá bá wa jà ní ṣọ́ọ̀bù pé a ta bátìrì burúkú fún yín. Ojoojúmọ́ la ń gba èébú yìí.

Ẹ ra kọ̀nfátà tó ń sọ 24V di 12V, kí rédíò gba ibẹ̀. Kí ẹ sì gbé bátìrì méjèèjì wá, ká ṣáájì wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n dọ́gba ná.

Dẹ́rẹ́bà Ìlasa

Haa. Tèmi náà ń hó.

Bàbá, ẹ má bínú sí mi lórí ọ̀rọ̀ yíyọ orí bátìrì. Ọ̀gá tó kọ́ mi ló fi hàn mí.

Bàbá Riwáyà, Òjúẹlẹ́gbà

Ọ̀gá tèmi náà ló fi hàn mí. Àkókò dínámò, ẹ̀rọ ìṣáájì àtijọ́ tó ṣáájú ọ́tánétọ̀, ni wọ́n, dínámò lè fara dà á. Ra mítà olówó pọ́ọ́kú kan tí wọ́n fi ń wọn fólítì. Jí mọ́tò, gbé e sórí bátìrì méjèèjì lápapọ̀: kí ó wà láàárín 27.5 àti 28.8. Tí kò bá tó 26, kò ṣáájì. Tó bá kọjá 30, règúlétọ̀ ti lọ. Lẹ́yìn náà, tan gbogbo iná, gbé ẹsẹ̀ mítà kan sí B+ ọ́tánétọ̀, èkejì sí orí bátìrì tó lọ sí kíkìsítátà. Ohun tó bá kọ níbẹ̀ ni ohun tí wáyà ń jẹ lójú ọ̀nà. Tó bá ju ìlàjì fólítì lọ, wáyà kéré tàbí ojú ìsopọ̀ kan ti dógùn-ún.

Ìyá Típà, Mushin

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo gbé mọ́tò lọ bá riwáyà kejì, mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí fún un lórí ìjókòó páálí níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí i. Nígbà tí mo dé ibi 30 àti 15 àti 61, ó ní, "Màmá, ta ló ń kọ́ yín?" Ó wá rẹ́rìn-ín.

Wáyà 25mm² ni, mítà méjì àti ààbọ̀, mo rí i pẹ̀lú ojú mi bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ tẹ lọ́ọ̀gì, irin orí wáyà tí nọ́ọ̀tì ń gbà, mọ́ ọn, wọn kò fi òòlù lù ú. Fíúsì 100A, wọ́n kọ 32V sí i lára, ó wà nínú ìdérí dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíkìsítátà. Mo ra mẹ́ta, méjì wà nínú àpótí dẹ́rẹ́bà kí ẹnikẹ́ni má baà tún fọwọ́ kan wáyà iná ilé. Súwíìṣì bátìrì wà lẹ́yìn ìjókòó. Gílóòbù 3W ni wọ́n fi sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí dẹ́rẹ́bà ṣe ṣí kọ́kọ́rọ́, iná pupa tàn. Bí ẹnjìnnì ṣe jí, ó kú, kò tẹ tọ́tù rárá.

Mítà: 25.3 kí wọ́n tó jí mọ́tò, 27.9 lẹ́yìn tó jí. Láàárín ọ́tánétọ̀ àti bátìrì, pẹ̀lú gbogbo iná lórí, 0.1. Bátìrì kan 13.9, èkejì 14.0. Ọ̀sẹ̀ kan rèé, n kò tíì bu omi kankan.

Riwáyà àkọ́kọ́ ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti bi mí bóyá ó ti dáa. Mo ní ó ti dáa.

Mo san owó oṣù dẹ́rẹ́bà pé. Ó dúró síbẹ̀, kò lọ. Ó ní nígbà tí kì í ṣe iná orí mọ́tò ló fà á, ṣé òun lè fi méjì kún un kó di méje. Mo ní kó yọ méjì kúrò nínú márùn-ún tó wà níbẹ̀ ná, ká wá sọ̀rọ̀.